Ìlà àárín ni gbogbo ìjà wà: bẹ́ ẹ ṣe lè fi nọ́ńbà iwájú equation mọ bí concentration ṣe yí padà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tí mo máa ń rí jù. Tí mo bá fún àwọn ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè equilibrium (reaction tó ń lọ tó sì ń padà títí méjèèjì fi dọ́gba), equation á wà níbẹ̀ gbangba, N2 + 3H2 ⇌ 2NH3, ọmọ náà á fa àtẹ rẹ̀ dáadáa, á kọ I (iye ìbẹ̀rẹ̀), á kọ C (bó ṣe yí padà), á kọ E (iye ìgbẹ̀yìn), ó rẹwà lójú, àmọ́ tó bá dé ìlà C báyìí á kàn kọ −x, −x, +x. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìṣirò tó bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, bó mọ quadratic bí ẹní mu omi, òfo ni. Àwọn kan tún wà tí tiwọn yàtọ̀ o, wọ́n mọ̀ pé 3 yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ò kàn mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí ni, wọ́n á wá lọ fi sọ iye háídírójìn tí wọ́n fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Háídírójìn tí ẹnikẹ́ni ò rà!

Ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà tó wà níwájú formula, ìlà C nìkan ló láṣẹ lé lórí nínú àtẹ yẹn. Iye tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kò ní kó tẹ̀lé e, iye tó kù nígbẹ̀yìn náà kò ní kó tẹ̀lé e. Ohun tó lọ àti ohun tó dé ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Ẹ wo àwọn bíríkìlà tó ń po kọnkéré. One-two-four ni wọ́n ń pè é, símẹ́ńtì páànù kan, yanrìn méjì, gránáìtì mẹ́rin. Ká ní ẹ dé sáìtì láàárọ̀, ẹ bá símẹ́ńtì páànù 50 nílẹ̀, yanrìn 70, gránáìtì 300. Ṣé 1:2:4 nìyẹn? Rárá o, bí owó onílé ṣe tó ló ṣe ra nǹkan. Wọ́n wá po kọnkéré títí di ọ̀sán, ẹ yẹ ìdí símẹ́ńtì wò, ẹ rí i pé 30 ti lọ. Ẹ ò tíì dé ìdí yanrìn, ẹ ti mọ̀ pé 60 ló lọ níbẹ̀, gránáìtì 120. Ohun tó kù nílẹ̀ báyìí ni símẹ́ńtì 20, yanrìn 10, gránáìtì 180, ìyẹn náà ò jọ 1:2:4 lọ́nàkọnà. Àmọ́ 30, 60, 120 tó kúrò nínú òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ pín in wò. Ohun tẹ́ ẹ bá nílẹ̀ láàárọ̀ ni I, ohun tó lọ ni C, ohun tó kù ni E. Tẹ́ ẹ bá ti lóye sáìtì yìí, ẹ ti gbọ́ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ibi tí àpèjúwe yẹn ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kọnkéré tó bá ti gan kì í padà di yanrìn mọ́. Reaction tó ní ọfà méjì ⇌ máa ń padà. Bí náítírójìn àti háídírójìn ṣe ń di amóníà, bẹ́ẹ̀ náà ni amóníà ń tú padà, tó bá wá di ìgbà kan, ìwọ̀n tó ń lọ àti ìwọ̀n tó ń bọ̀ á di ọgbọọgba, concentration (bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó nínú lítà kan) kò ní yí padà mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní equilibrium, èmi á máa pè é ní ìdọ́gba kó má baà máa gbé mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí òkìtì kankan tó máa ń tán pátápátá, tí a kò fi lè kàn sọ pé "gbogbo rẹ̀ ti di amóníà" ká sì lọ sùn.

Kẹ́ ẹ tó fa àtẹ rárá, ẹ rí i pé equation yín balance, torí tí nọ́ńbà iwájú bá ti yí, C yín náà ti yí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ móòlù, ẹyọ tí a fi ń ka iye ohun nínú kẹ́místrì, di móòlù lórí lítà kan (mol/L), òun ni concentration. Èyí ni wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ nínú ìdánwò: wọ́n á ní móòlù 2 wà nínú ìgbá 2 lítà, ọmọ á kọ 2 wọ àtẹ. 2 ÷ 2 ni o jàre, 1.0 ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ òkúta tàbí ìyẹ̀fun líle, ẹ fi dáàṣì sí abẹ́ rẹ̀, kò ní concentration tó ń yí padà. Òkúta láìmù tí wọ́n ń sun láti ṣe símẹ́ńtì, CaCO3 ⇌ CaO + CO2, CO2 nìkan ló máa ní nọ́ńbà nínú àtẹ yẹn, òun nìkan náà ló sì máa wà nínú K, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń rí tí a bá fi concentration àwọn ohun apá ọ̀tún ní ìdọ́gba sókè, ti apá òsì sísàlẹ̀, tí nọ́ńbà iwájú kálukú sì di power rẹ̀.

Ó dáa, ẹ mú bébà. Amóníà la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Fritz Haber rí ọ̀nà rẹ̀ tí Carl Bosch sì sọ di iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní Jámánì ní 1913. Títí dòní ìdí rẹ̀ náà ni ajílẹ̀ yúríà tí wọ́n ń dà sídìí àgbàdo ti ń wá, ilé iṣẹ́ Dangote tí wọ́n ṣí ní Lẹ́kí ní 2022 náà, amóníà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di yúríà. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo mú un kó lè rọrùn.

A kó náítírójìn móòlù 2.0 àti háídírójìn móòlù 4.0 sínú ìgbá 2 lítà, kò sí amóníà níbẹ̀. Nígbà tó dé ìdọ́gba, a wọn amóníà, a rí 0.40 mol/L. Kí ni concentration àwọn yòókù?

N2 + 3H2 ⇌ 2NH3
I: 1.0, 2.0, 0
C: ?, ?, ?
E: ?, ?, 0.40

Ẹ wá ibi tí I àti E ti wà lábẹ́ ohun kan náà. Amóníà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí 0, ó parí sí 0.40, nítorí náà C tiẹ̀ jẹ́ +0.40. Ẹsẹ̀ kan ti wọlé báyìí, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ C ẹyọ kan, ẹ ti mọ gbogbo C. Bẹ́ ẹ ṣe máa rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì ni pé kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà iwájú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ sókè, ti èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀ á wà nísàlẹ̀. Háídírójìn: 0.40 × 3/2 = 0.60. Náítírójìn: 0.40 × 1/2 = 0.20. Àwọn méjèèjì ń dín kù torí pé apá òsì ni wọ́n wà tí ọjà apá ọ̀tún sì ń pọ̀ sí i, torí náà ẹ fi mínọ́ọ̀sì sí wọn.

C: −0.20, −0.60, +0.40
E: 0.80, 1.40, 0.40

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò tiẹ̀ lo x. Tí ìbéèrè bá ti fún yín ní ẹyọ kan ní ìdọ́gba, x ò pọn dandan, àwọn tó ń fi tipátipá wọ x wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Àwọn kan máa ń dojú fraction yẹn dé, wọ́n á ṣe 0.40 × 2/3, wọ́n á rí 0.27. Kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ fojú inú wò ó: háídírójìn 3 ló ń lọ kí amóníà 2 tó jáde, nítorí náà háídírójìn tó lọ gbọ́dọ̀ ju amóníà tó dé. Tí tiyín bá kéré sí 0.40, ẹ ti yí i pa dà nìyẹn.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an láti fi yẹ iṣẹ́ wò, àwọn tísà kì í sì í sọ ọ́ tó: ẹ ka átọ́ọ̀mù. Átọ́ọ̀mù kì í ṣe iwin, kò lè pòórá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, N jẹ́ 2 × 1.0 = 2.0. Ní ìgbẹ̀yìn, 2 × 0.80 + 0.40 = 2.0. H ní ìbẹ̀rẹ̀, 2 × 2.0 = 4.0. Ní ìgbẹ̀yìn, 2 × 1.40 + 3 × 0.40, ìyẹn 2.8 + 1.2 = 4.0. Ó pé. Ọmọ tó kọ −0.40, −0.40, +0.40 á rí i pé N tòun ti di 1.6, pé átọ́ọ̀mù ti jí rìn, ká ní ó kà á ni. Bráákẹ́ẹ̀tì [ ] dúró fún concentration, K wá jẹ́ [NH3]² ÷ ([N2] × [H2]³) = 0.16 ÷ (0.80 × 2.744), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.073.

Ìbéèrè oríṣi kejì ni èyí tó ń dẹ́rù bà wọ́n: wọ́n fún yín ní K, wọ́n fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ nǹkankan nípa ìgbẹ̀yìn. Ibí ni x ti wúlò. x dúró fún "páànù kan" ti one-two-four yẹn, ìwọ̀n ìpò kan tí a ò tíì mọ iye rẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ jẹ́ 3 á kúrò ní 3x, èyí tó jẹ́ 2 á jẹ́ 2x, èyí tí kò ní nọ́ńbà, 1 ni, x lásán.

Èyí tó rọrùn jù tí mo mọ̀ ni ásíìdì inú fínígà pẹ̀lú ọtí, èthánóìkì àti èthánọ́ọ̀lù, tí wọ́n di ẹ́sítà àti omi. Berthelot àti Péan de Saint-Gilles ṣe é ní Faransé ní 1862, wọ́n rí i pé tí ẹ bá kó móòlù kan kan sínú ara wọn, bó pẹ́ bó yá, ibi ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa ń dúró sí. Lẹ́yìn ọdún méjì ni Guldberg àti Waage ní Norway wá gbé òfin tí a fi ń kọ K jáde. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá àtẹ wa máa bá wọn délé. K tiẹ̀ wà ní nǹkan bíi 4, gbogbo nọ́ńbà iwájú jẹ́ 1, lítà sì máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ torí méjì ló wà lókè, méjì nísàlẹ̀, torí náà a lè fi móòlù gan-an ṣe é.

I: 1, 1, 0, 0
C: −x, −x, +x, +x
E: 1 − x, 1 − x, x, x

x² ÷ (1 − x)² = 4. Ẹ square root apá méjèèjì, x ÷ (1 − x) = 2, x = 2/3. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gẹ́lẹ́! Inú mi máa ń dùn sí èyí ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù. Omi wà nínú K níbí o, torí òun náà wà lára ohun tó ń jáde, kì í ṣe pé inú omi rẹpẹtẹ la ti ń ṣe é.

Ẹ̀wẹ̀, èyí tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ò jẹ́ 1 ńkọ́? H2 + I2 ⇌ 2HI, háídírójìn àti áyódìn. Max Bodenstein ní Jámánì jókòó ti èyí ní àwọn ọdún 1890, ó ń dí gáàsì pa sínú ìgò, ó ń sè é. Ní 430°C, K rẹ̀ jẹ́ 54.3. Ká ní a kó móòlù 0.40 kọ̀ọ̀kan sínú ìgbá 2 lítà, ìyẹn 0.20 mol/L kọ̀ọ̀kan.

I: 0.20, 0.20, 0
C: −x, −x, +2x
E: 0.20 − x, 0.20 − x, 2x

(2x)² ÷ (0.20 − x)² = 54.3. Square root: 2x ÷ (0.20 − x) = 7.369. Ẹ tú u, 9.369x = 1.4738, x = 0.157. H2 àti I2 wá ku 0.043 kọ̀ọ̀kan, HI jẹ́ 0.315.

Ibí ni ọwọ́ máa ń lọ sókè nínú kíláàsì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ò ti ka 2 yẹn lẹ́ẹ̀mejì báyìí, a fi sọ x di 2x, a tún wá square rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ má bínú sí ẹni tó bi í. Iṣẹ́ méjì ni 2 kan ṣoṣo ń ṣe, bí ẹni tó jẹ́ bàbá nílé tó tún jẹ́ dẹ́rẹ́bà lójú títì. Nínú ìlà C, ó ń sọ iye HI tó jáde fún páànù H2 kan tó lọ. Nínú K, ó ń sọ pé concentration HI, iye yòówù kó jẹ́, a máa fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. K ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá x wà láyé, 0.315 lẹ ẹ́ gbé fún un tó máa square, kò béèrè bẹ́ ẹ ṣe rí i. Nítorí náà ẹ fi bráákẹ́ẹ̀tì sí 2x kẹ́ ẹ tó square rẹ̀, 4x² ló máa jáde. Ẹni tó kọ 2x² ti pàdánù.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni square root máa gbà yín. N2O4 ⇌ 2NO2, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tó ń di gáàsì aláwọ̀ igi, K rẹ̀ ní 25°C jẹ́ 0.0046. Ẹ fi N2O4 0.100 mol/L bẹ̀rẹ̀, láìsí NO2. C á jẹ́ −x àti +2x, ó wá di 4x² ÷ (0.100 − x) = 0.0046, tó bá tú tán, 4x² + 0.0046x − 0.00046 = 0. Formula quadratic á fún yín ní x = 0.0102 tàbí −0.0113. Èyí tó ní mínọ́ọ̀sì máa sọ NO2 di nǹkan tó kéré sí òfo, ẹ jù ú nù. N2O4 jẹ́ 0.0898, NO2 0.0203.

Àwọn kan á ní K kéré, torí náà ẹ jẹ́ ká gbàgbé x tó wà nísàlẹ̀, 0.100 − x dà bíi 0.100. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, x á jẹ́ 0.0107. Ìyẹn ju ìdá 10 nínú 100 ti ohun tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ, a kì í gbà á ju 5 nínú 100 lọ. Ọ̀nà àbùjá yẹn wà fún K tó kéré gan-an gan-an, èyí ò kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbìyànjú nǹkan tó máa yà yín lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, NO2 0.200, N2O4 òfo. Báyìí apá òsì ló ń pọ̀ sí i, nítorí náà C á yí àmì pa dà, N2O4 +x, NO2 −2x. Ẹ ṣe é tán, N2O4 0.0898, NO2 0.0203, nọ́ńbà kan náà. Átọ́ọ̀mù náítírójìn inú 0.200 NO2 àti inú 0.100 N2O4 kò yàtọ̀, ìdọ́gba ò sì bìkítà ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọlé.

Tí méjèèjì bá wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ká ní 0.050 àti 0.050? Ẹ má gbójú lé e pé apá ọ̀tún ló máa lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ sínú formula K, Q ni wọ́n ń pe ohun tó bá jáde: 0.050² ÷ 0.050 = 0.050. Ó ju 0.0046 lọ, NO2 ti pọ̀ jù, ó máa padà sápá òsì. E wá jẹ́ 0.050 + x fún N2O4, 0.050 − 2x fún NO2. Quadratic yìí máa dá yín lójú rú o, torí x méjèèjì ló jáde láìní mínọ́ọ̀sì, 0.0163 àti 0.0349. Èwo ni ká mú? Ẹ padà sí ìlà C: 2 × 0.0349 jẹ́ 0.0698, NO2 tó wà nílẹ̀ ò ju 0.050 lọ, kò sí bó ṣe fẹ́ fún yín ní ohun tí kò ní. 0.0163 ni. N2O4 0.0663, NO2 0.0174, ẹ dá a padà sínú K, 0.0046 á jáde.

Nǹkan kékeré kan, tí tísà yín bá kọ ½N2 + 3/2H2 ⇌ NH3, ẹ má sá, x yín máa yàtọ̀, K náà á di square root ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìlà E á jáde bákan náà.

Ẹ dán èyí wò fúnra yín kẹ́ ẹ tó pa bébà dé. 2SO2 + O2 ⇌ 2SO3, SO2 bẹ̀rẹ̀ ní 0.60 mol/L, O2 ní 0.40, kò sí SO3, O2 wá ku 0.25 nígbà tó dé ìdọ́gba. Ẹ wá E méjèèjì yòókù, ẹ ka S àti O, kẹ́ ẹ wá K. Tó bá jẹ́ 4.0 lẹ rí, ẹ ti gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ 0.44, ẹ padà lọ wo ìlà àárín, 0.15 lẹ kọ yíká.